Ẹni Tí Wọn Kò Wọ̀n

Ní ilé ọtí kan tó kọjú sí odò Thames ní Twickenham, orúkọ tí bàbá Wilfred Threlfall sọ ọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Díẹ̀-Ló-Kù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bó bá ti wọlé lọ́sàn-án Sátidé, tó ṣí fìlà, tó sì béèrè àlàáfíà ajá lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ọtí, ẹnìkan á ti ké láti ẹ̀gbẹ́ iná pé, "Ẹ tètè gbé ọtí yín mì o, amí ọba ti dé! Díẹ̀-Ló-Kù, sọ ọ́ fún wa jàre."

Wilfred á gbé àgbọ̀n sókè, á fi ìka méjì kan ọrùn, á sì sọ ọ́: "Tóo bá fẹ́ pa mí, arábìnrin, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú táì mi."

Wọn á bú sẹ́rìn-ín, wọn á na ife sí i. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógójì gbáko ló fi ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà kan ṣoṣo yìí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ iye ọdún téèyàn lè rín in kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ta ni kò mọ Rex Garrow? Amí ọba tí kì í làágùn, tí á já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú tí irun rẹ̀ kò ní í yẹ̀, tí obìnrin tó wá pa á á di ẹni tó ń bu ọtí fún un. Fíìmù mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ṣe nípa rẹ̀. Ìtàn tí Wilfred sì ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹ́ Garrow lọ́dún 1962, ó ku èèyàn méjì péré: òun, àti Gethin Pryce, ará Wales tó padà gbà á. Ó kù díẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí díẹ̀ náà ti pọ̀ tó, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ télọ̀.

Amos Threlfall ni télọ̀ náà, òun ni bàbá Wilfred. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè kan ní Rochdale, níbi tí èéfín ilé-iṣẹ́ òwú ti ń sọ aṣọ funfun di eérú kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ máa ń wà létè rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì lè gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ jáde, kì í sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Wilfred nìkan lọ́mọ tó ní. Ó fẹ́ kí ọmọ jókòó sórí tábìlì iṣẹ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ọmọ fẹ́ lọ ṣeré lórí ìtàgé. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, láìpariwo, torí àwọn ará ibẹ̀ kì í pariwo nínú ilé. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń jà.

Nígbà tí Wilfred pé ọmọ ogún ọdún, ẹgbẹ́ òṣèré kan ní ìlú kékeré etí òkun gbà á síṣẹ́. Eré tuntun ni wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: lówùúrọ̀ wọ́n ń kọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lálẹ́ wọ́n ń ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé òṣèré ọkùnrin ni yóò mú aṣọ tirẹ̀ wá: kóòtù ọ̀sán kan, kóòtù dúdú kan irú èyí tí àwọn ọlọ́lá fi ń jẹ oúnjẹ alẹ́, bàtà dúdú kan. Ẹni tí kò bá ní kóòtù dúdú, ọlọ́pàá ni yóò máa ṣe kiri, tàbí ìránṣẹ́ tó ń gbé àwo wọlé. Wilfred ka ìwé náà sí bàbá rẹ̀ létí tìtìjú-tìtìjú. Amos yọ abẹ́rẹ́ kúrò létè. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn.

"Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ. Dúró dáadáa."

Ibi mẹ́tàlélógún ló ti wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ó dúró.

"Èjìká òsì ẹ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ìgbà tí ìyá ẹ ti bí ẹ. Kóòtù á bá ẹ bò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi rán an, lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Wilfred kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mìíràn lẹ́nu bàbá rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Kóòtù náà ló gbé e dé ibi tó dé. Bí wọ́n bá ń wá ọmọ ọlọ́lá, ẹni tó ní kóòtù tó jókòó lára bí awọ ni wọ́n ń mú. Láàárín ọdún méjì ahọ́n Rochdale ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń fọ̀ bí ẹni tí wọ́n tọ́ nínú ilé tó ní ẹṣin. Ó dé London, ó fẹ́ Enid, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn aṣọ ìtàgé pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́, tí ń ta òṣèré jí bó bá gbàgbé ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ń wá, iṣẹ́ ń lọ. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Enid lóyún, orúkọ Wilfred kò sì tí ì gòkè kọjá ìlà kẹfà rí lára pátákó eré.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹta ọdún 1962 ni Basil Cotterell tẹ̀ ẹ́ láago. Basil ni aṣojú rẹ̀, òun ló ń bá a wá iṣẹ́.

"Wilf, o jókòó?"

"Mo jókòó."

"Dìde. Ìròyìn yìí ò yẹ ẹni tó jókòó. Wọ́n fẹ́ sọ ìwé Garrow di fíìmù. Wọ́n fẹ́ rí ẹ níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ Wẹ́sidé."

Ọkùnrin mọ́kànlélógún ni wọ́n dán wò láàárín ọjọ́ méjì. Eré ìṣẹ́jú mẹ́ta ni: Garrow wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó bá obìnrin kan pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ tú táì òun. Àwọn kan gbọ̀n, àwọn kan ṣe àṣejù. Wilfred ṣe tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀ láti máa bá obìnrin oníbọn pàdé. Òtútù mú olùdarí fíìmù lọ́jọ́ náà, ó ń fọn imú. Ó gbé ojú sókè látinú àǹkáṣíìfù, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an." "Gan-an" yìí ni Wilfred gbé lọ sílé. Ó sọ ọ́ fún Enid, ó sọ ọ́ fún Basil, ó sọ ọ́ fún dígí tó fi ń fá irùngbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Basil tún pè.

"Wọ́n ní kóo padà wá lọ́jọ́ Tusidé. Àwọn obìnrin ni wọ́n fẹ́ dán wò báyìí. Kóo bá wọn sọ ọ̀rọ̀ Garrow. Kóo sì mú kóòtù ẹ lọ́wọ́."

Àwọn òṣèré ní àrùn kan tí àwa yòókù kò ní. Bí ẹnìkan bá kí wọn, wọ́n á wá ìtumọ̀ rẹ̀; bí ẹnìkan kò bá kí wọn, wọ́n á wá ìtumọ̀ ìyẹn náà. Wilfred jókòó, ó rò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ obìnrin tó yẹ Garrow, ta ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀, bí kì í bá ṣe Garrow fúnra rẹ̀? Ó lọ ní Tusidé àkọ́kọ́. Wọ́n tún pè é ní Tusidé kejì. Nígbà tí wọ́n pè é ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí Garrow lọ ra wàrà.

Iṣẹ́ mìíràn ti wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, iṣẹ́ gidi. Ilé tẹlifíṣọ̀n kan fẹ́ kó wá ṣe dókítà abúlé nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé àdéhùn náà wà lórí tábìlì wọn lábẹ́ ìgò jáàmù, Wilfred gbọ́dọ̀ fèsì kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó parí. Ẹni tó bá sì gba dókítà kò lè ṣe fíìmù kankan fún ọdún méjì.

"Fọwọ́ sí i, Wilf," ni Enid wí. "Ẹni tó gbójú lógún fara ẹ̀ fóṣì ta."

"Kì í ṣe ogún. Tèmi ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé tìẹ ni? Kí lorúkọ ẹni náà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè mí, Enid! Ta ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mẹta?"

Enid fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Wilfred wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rochdale, kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu òun kó tó kà á nínú ìwé ìròyìn. Amos ti se oúnjẹ ọ̀sán, páì ànàmọ́ òyìnbó pẹ̀lú kábéèjì pupa inú ọtí kíkan. Ó gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń jẹun lọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ta ló wọ̀n ọ́?"

"Báwo, Bàbá?"

"Amí ọba lo ní o fẹ́ jẹ́. Wọ́n á rán tó kóòtù mẹ́wàá fún un, lé ní mẹ́wàá, torí wọ́n á máa ya á, wọ́n á máa da ẹ̀jẹ̀ sí i. Télọ̀ wo ló ti wọ̀n ọ́?"

"Wọn ò tí ì wọ̀n mí. Wọ́n ní kí n máa wọ tiyín bọ̀. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀."

Amos gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù ọ̀hún?"

"Oṣù tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀." Ó nu ẹnu. "Wilfred, ó ti di ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti ń ránṣọ. Kóòtù mẹ́wàá ò ṣeé rán lóṣù kan bí wọn ò bá tí ì wọ̀n ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹnì kan wà níbì kan tí wọ́n ti wọ̀n. Kì í ṣe ìwọ. Lọ gba iṣẹ́ dókítà."

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ kì í dùn létí ẹni tó ti ń rìn bí Garrow. Wilfred dìde. Ahọ́n ilé ẹlẹ́ṣin ló fi sọ̀rọ̀, ahọ́n tí kò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí nínú ilé náà.

"Kí lẹ mọ̀ nípa fíìmù? Kí lẹ mọ̀ gan-an? Téèpù àti ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo ayé lẹ fi téèpù wọ̀n, ohun tí ò bá ti gba téèpù, ẹ ní kò sí. Ẹ ò fẹ́ kí n ju tábìlì yẹn lọ, ẹ ò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀!"

"Páì ẹ ń tutù," ni Amos wí.

Wilfred kò jẹ páì náà. Ilẹ̀kùn ló fi dágbére. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ ilé tẹlifíṣọ̀n láago, ó ní kí wọ́n wá dókítà mìíràn.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Enid gbé ìwé ìròyìn wọlé pẹ̀lú wàrà, ó fi í síwájú rẹ̀, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ sá aṣọ tí kò tutù. Àwòrán ńlá ló wà níbẹ̀. Gethin Pryce ló dúró, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ọkùnrin arúgbó kan kúnlẹ̀ sídìí ṣòkòtò rẹ̀, abẹ́rẹ́ létè, téèpù lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti lé lóṣù kan tí Pryce ti fọwọ́ síwèé, wọ́n kàn ń pa á mọ́ ni títí aṣọ á fi délẹ̀.

Oṣù kan. Wilfred fi ìka ka ọjọ́. Kí Tusidé àkọ́kọ́ tó dé ni. Ó tẹ Basil láago.

"Basil, kí ni mo ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà?"

"O ń ka ọ̀rọ̀ fún àwọn obìnrin ni, Wilf. Mo sọ fún ẹ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ kí wọ́n rí ẹni dojú ìbọn kọ."

"O ò sọ pé wọ́n ti mú ẹlòmíì."

"Ta ló sọ fún èmi?" Basil mí sínú fóònù. "Dókítà ńkọ́? Ó ṣì wà ńlẹ̀, àbí?"

Kò sí nílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ní etí ńlá gba dókítà náà, ó sì ṣe é fún ọdún mọ́kànlá, títí àwọn ìyá arúgbó fi ń dá a dúró lójú pópó láti fi ẹsẹ̀ wíwú hàn án.

Wilfred kò lọ sí Rochdale mọ́. Kì í ṣe pé ó ń bínú sí bàbá rẹ̀. Ojú ló ń tì í. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí Amos máa rò pé òun ń bínú ju kí òun lọ jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí òun sì sọ pé, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ." Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta, kò fi ọ̀kankan ránṣẹ́. Wọ́n bí Hilary ní oṣù kẹsàn-án, ó ní bí ọmọ bá ti gbó díẹ̀ àwọn á gbé e lọ fún bàbá àgbà. Ní oṣù kọkànlá, aládùúgbò kan tẹ wáyà pé wọ́n bá Amos lórí tábìlì iṣẹ́, pẹ̀lú ìdajì ṣòkòtò ẹlòmíràn lórí orúnkún. Ó ṣe mí láàánú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wá sí Wilfred lọ́kàn ni pé ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun ti lọ. Ó sunkún nítorí ìyẹn ju nítorí ikú lọ.

Irọ́ kò dé lójijì. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí wọ́n bá béèrè, á ní òun wà lára àwọn mọ́kànlélógún tí wọ́n dán wò. Fíìmù kejì jáde, mọ́kànlélógún di márùn-ún. Nígbà tí ẹ̀kẹta gba gbogbo ayé kan, ó ti ku méjì péré, òun àti Pryce, olùdarí sì ń sunkún nígbà tó ń yàn. Iṣẹ́ tó ń rí nígbà náà, òkú ni, tàbí alágbàfọ̀, tàbí ọkùnrin tó ń húkọ́ nínú ìpolówó ọjà. Ní Kérésìmesì, á lọ ta ìbọ̀wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá. Enid ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ rí ni láti ta òṣèré jí bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n èyí, kò ta á jí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí àìsàn tó pa á dé, ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní, "Wilf, sọ òótọ́ fọ́mọ." Ó ní òun á sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Torí Hilary gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Ní ilé ìwé, wọ́n ní purọ́purọ́ ni bàbá rẹ̀, ó sì fọ́ ọmọ kan lẹ́nu nítorí rẹ̀, wọ́n lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dàgbà, ó di olùkọ́ ní Kingston, kò lọ́kọ, ó ń wá ṣe oúnjẹ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Díẹ̀-Ló-Kù ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ̀, ojú tó máa fi wò ó kò dáa.

Òun ló ṣí lẹ́tà kan tó dé lọ́dún 2001. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn Garrow ló kọ ọ́. Wọ́n ti rí agolo fíìmù àtijọ́ nínú àká kan, ìdánwò ọdún 1962, ẹnikẹ́ni kò wò ó rí. Wọ́n fẹ́ fi hàn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Slough, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n jẹ́ Garrow wá jókòó níwájú.

"Dádì." Hilary gbé lẹ́tà náà síwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin ló máa wà nínú ẹ̀. Wọ́n á rí yín. Gbogbo àwọn oníranù yẹn."

"Ó ti pẹ́ o, Hilary. Ó lè jẹ́ pé ó ti bàjẹ́."

"Wọ́n ní ó mọ́ kedere. Kí ló dé tójú yín rí báyìí?"

Ó lè ní àyà ń dun òun. Ó lè ní òtútù mú òun. Ṣùgbọ́n ìgbà tí irọ́ bá pé ogójì ọdún, ẹni tó pa á náà á máa ṣiyèméjì. Ó dá a lójú pé ẹ̀ẹ̀kan wà tó dúró níwájú kámẹ́rà, tí olùdarí sì ní ó dáa gan-an. Bí ìyẹn bá wà nínú agolo náà, ojú rẹ̀ á wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun dúdú, wọ́n á sì rí i pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Hilary bá òun mú kóòtù wá.

Kóòtù kò gba ikùn rẹ̀ mọ́. Hilary tú inú rẹ̀ kó wò ó bóyá ó ṣeé ṣe nǹkan sí, ló bá rí i pé ẹni tó rán an ti ṣẹ́ aṣọ pamọ́ sínú ojú rírán, ìka mẹ́ta ní ìhà ọ̀tún, mẹ́ta ní ìhà òsì.

"Ó mọ̀ pé ẹ máa sanra!" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà yìí, ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa wọn rí."

"Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀," ni Wilfred wí.

Ó tú u síta fún un, ó sì ṣe rẹ́gí.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Slough kún. Àwọn ọkùnrin arúgbó mẹ́rin ló jókòó níwájú, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọtí àti ìtàn tirẹ̀. Olóòtú ètò bi ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pé báwo ló ṣe sún mọ́ ọn tó. Ìyẹn ní, "N ò sún mọ́ nǹkan kan. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀, mo sì fi sìgá jó ara mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un tayọ̀tayọ̀. Wilfred rí bí òótọ́ ti rọrùn tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo Hilary ní ìlà kejì. Hilary ti jókòó ṣáńṣán, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ó ku àwa méjì péré," ni ó wí. "Èmi àti Pryce."

Gbọ̀ngàn hó. Hilary wẹ̀yìn, ó wo gbogbo wọn pátá. Wọ́n pa iná.

Obìnrin kan ni ó yọ lórí aṣọ funfun ńlá tó wà níwájú, irun wúrà, ó di ìbọn mú bí ẹni mú ẹja. Ó kọjú sí wọn. Ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wọn, orí dúdú kan àti ẹ̀yìn kóòtù dúdú kan. Ohùn Wilfred jáde: "Tóo bá fẹ́ pa mí, arábìnrin." Hilary pàtẹ́wọ́, òun nìkan. Obìnrin yẹn lọ, òmíràn dé. Ẹ̀yìn kan náà. Òmíràn tún dé. Kámẹ́rà kò yí padà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa ìrísí àwọn obìnrin náà.

Nígbà tó kan ẹni kẹrin, kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó múra tán. Obìnrin náà ń tún ètè ṣe. Ẹnìkan fọn imú ní ẹ̀yìn kámẹ́rà, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete.

"Ta lẹ ní ọkùnrin yẹn ń jẹ́?"

"Èwo?"

"Èyí tó dúró yẹn. Tó ń ka ti Pryce."

"Áà, n ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kóòtù tiẹ̀ ni."

Nínú òkùnkùn, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó tún pa á mọ́ra. Lórí aṣọ funfun ńlá náà, Wilfred Threlfall ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ti gbọ́ orúkọ Pryce dúró láìmira. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kó tó rí ìwé ìròyìn, kó tó lọ sí Rochdale, ó sì gbá a dà nù kúrò létí. Ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ kún gbogbo ògiri. Kò sí ibì kan tó ká, èjìká méjèèjì sì dọ́gba.

Hilary ti dìde ní ìlà kejì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Dádì. Ìgbà tẹ́ ẹ ń ṣe eléyìí, wọ́n ti mú Pryce?"

"Wọ́n ti mú un."

"Ẹ sì mọ̀?"

Wilfred gbé ọwọ́ lé èjìká òsì ara rẹ̀, ó ń wá ibi tó rẹlẹ̀, kò rí i.

"Bàbá mi sọ fún mi," ni ó wí. Ahọ́n Rochdale ló fi sọ ọ́. "Mo ní kí ló mọ̀."